Àtàǹpàkò Onígẹdú

Bí ẹ bá rí àgbàlagbà ọkùnrin tó ń bá ilẹ̀kùn jà, ẹ má tètè rẹ́rìn-ín. Eléyìí tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ bá ilẹ̀kùn jà, ó bá àga jà, ó bá kẹ́tùlù jà, ó sì bá tẹlifíṣọ̀n jà títí ó fi fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, gbogbo èyí kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kónílé-ó-gbélé tó parí. Onígẹdú ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ilé ìlapákó ló ti ń jẹun láti ìgbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n. Òun ló ń darí ayùn ńlá tí wọ́n fi ń la ìtì igi. Láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú, ìdí ayùn yẹn ló máa ń wà, bó bá sì délé, á jẹun, á sùn, ó di ọ̀la. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé tí ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n fi ṣéènì ti géètì, ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ sì kó ẹbí rẹ̀ lọ sí ilé rẹ̀ kejì tó wà létí omi. Onígẹdú padà sí ilé oníyàrá méjì rẹ̀, ó jókòó sí pálọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

Ó bínú sí àrùn náà nítorí pé kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí èèyàn lè gbá. Ó bínú sí ìjọba, ó bínú sí aládùúgbò tó ń gbé òkè wọn, tó ń fò sókè fò sílẹ̀ pé òun ń ṣe eré ìdárayá. Ó bínú sí ọwọ́ ara rẹ̀ tí kò rí nǹkan gidi ṣe ju kó máa tún ẹsẹ̀ àga kan náà kàn lọ. Àwọn àgbà ní ìbínú kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Onígẹdú mọ òwe náà. Ó ní ẹni tó pa á kò tíì gbé inú pálọ̀ kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí di alẹ́ rí.

Ìyàwó rẹ̀ kò jókòó sílé ní tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ní ọsibítù ńlá tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra, tí obìnrin náà kò tíì jáde nílé ẹ̀kọ́, ni ọkọ rẹ̀ ti ń pè é ní Nọ́ọ̀sì láti fi ṣẹ̀fẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, ọmọbìnrin tó ń múra ìdánwò àtiwọ yunifásítì, tó ti fi ìwé gba tábìlì oúnjẹ pátápátá. Ayé wá dorí kodò nínú ilé yìí. Ọkùnrin tó máa ń jáde kí oòrùn tó yọ di ẹni tó ń ṣọ́ ilé, ó ń fọ abọ́, ó ń yọjú lójú fèrèsé. Obìnrin náà ló wá ń jáde, ibi tí gbogbo ayé ń sá fún gan-an ló sì ń lọ.

Nọ́ọ̀sì gbé òfin kalẹ̀. Bó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn dé, ẹ̀yìnkùlé ló máa gbà wọlé, á bọ́ aṣọ sínú garawa ọṣẹ, á wẹ̀, á sì wọ ìbòmú kó tó wá sí pálọ̀. Ìbòmú náà kì í kúrò lójú rẹ̀ bí wọ́n bá jọ wà. Ó fi yàrá sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, orí àga gígùn abẹ́ fèrèsé ló ń sùn. Ó ń dá jẹun tirẹ̀ ní kíṣìnnì, òkèèrè ló sì ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní bí àrùn náà bá mú òun, ọ̀dọ̀ òun ló máa parí sí. Òfin tó dára ni, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wọn ká.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò mọ̀, kí ẹ má baà dá Onígẹdú lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ. Etí rẹ̀ ti di. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ayùn ń jẹ ẹ́, lọ́dọọdún, láìdùn ún. Gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ayùn ló ń wo ẹnu ara wọn kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí pé kò sí ohùn èèyàn tó lè borí ariwo yẹn. Ó ti wọ Onígẹdú lára débi pé nílé pàápàá, ẹnu ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, ẹnu ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Bí fóònù bá dún, á na án sí ẹlòmíràn pé kó bá òun dáhùn, pé òun kórìíra ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ojú ló fi ń gbọ́ràn, ó sì rò pé etí ni. Nọ́ọ̀sì wá fi aṣọ bo ẹnu.

Ní ilé ìlapákó, ìka ni wọ́n ń ṣọ́. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á bi ara wọn pé ṣé ọwọ́ pé, ẹni tí wọ́n bi á na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, á ní ọwọ́ pé. Onígẹdú a máa fọ́nnu nípa ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, nítorí pé kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tó ń béèrè etí. Nígbà kan tí àwọn òṣìṣẹ́ bẹ ọ̀gá pé kó ra ohun tí wọ́n fi ń dí etí fún àwọn, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó bi wọ́n bóyá oorun ni wọ́n fẹ́ wá máa sùn níbi iṣẹ́ òun. Inú ọ́fíìsì onígíláàsì rẹ̀ ló dúró sí nígbà tó ń sọ ọ́, bó sì ti sọ ọ́ tán ló ti ilẹ̀kùn padà kí ariwo má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Bí mo bá rántí irú èèyàn bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Òfin kan tún wà nídìí ayùn tí wọn kò kọ sára ògiri. Igi tó bá ti wọ ẹnu ayùn kò ṣe é dá dúró. Nítorí náà, bí ẹnì kejì rẹ bá sọ̀rọ̀ tí o kò gbọ́, o kò gbọdọ̀ bi í pé kí ló wí. Wàá mi orí, wàá na àtàǹpàkò sókè, wàá sì fojú sí ohun tí ó bá ṣe tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní kò mọ iṣẹ́, wọ́n á sì lé e lọ gbá ìyẹ̀fun pákó. Onígẹdú ti na àtàǹpàkò débi pé kì í mọ ìgbà tó ń nà á mọ́. Ó nà án sí ọkùnrin kan tó ń kiri ìkòkò lọ́jọ́ kan, ìkòkò tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀ sì kún kíṣìnnì. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní ọkọ òun kò lè sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wo ọkùnrin yìí nínú pálọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á ti ibi iṣẹ́ dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, á máa sọ̀rọ̀. Onígẹdú á rí ojú méjì lókè aṣọ búlúù, á gbọ́ nǹkan tó ń kùn, á rò pé ó ń ráhùn sí òun ni. Bó bá ní kó sọ̀rọ̀ sókè, Nọ́ọ̀sì tó ti fi ìbòmú sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ á gbé ohùn sókè, iwájú orí rẹ̀ á ṣù pọ̀, Onígẹdú á ní èébú ni. Bí obìnrin náà bá bá ọmọ sọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ́rìn-ín, ó di pé òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ohùn tirẹ̀ náà wá ń ga sí i, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀ kì í mọ̀ pé òun ń pariwo. Àwọn ará ilé kejì ń kan ògiri. Ọmọ ń fi ìka di etí lórí ìwé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, tí kò wá ohun méjì sílé ju oorun lọ, á yíjú sí ògiri lórí àga gígùn rẹ̀, oorun náà á kọ̀ kò ní wá.

“Kí lo ń kùn lábẹ́ aṣọ yẹn?” Ọ̀rọ̀ Onígẹdú nìyẹn lójoojúmọ́. Ó ní bí kò bá ní ohun tó ń fi pa mọ́, kó yọ ọ́ kí àwọn rí ẹnu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé, ó ṣàlàyé, ó sú u. Ó wá ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń dákẹ́ nínú ilé ara rẹ̀, ìyẹn sì burú ju ìjà lọ.

Ẹ̀rù ló wà nídìí ìbínú Onígẹdú, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Nọ́ọ̀sì mìíràn tí òun àti ìyàwó Onígẹdú jọ máa ń jẹun ọ̀sán ní ọsibítù kó àrùn náà, ó sì kú. Ọmọ ló sọ fún un. Ìyàwó rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ wú, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Onígẹdú dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó ń wò ó. Ó fẹ́ lọ sọ fún un pé kó má padà síbẹ̀ mọ́, pé bó bá kú, òun ò mọ bí òun ṣe máa gbé ilé ayé. Ó múra ọ̀rọ̀ náà títí. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé ta ló fi bàtà sójú ọ̀nà. Obìnrin náà dìde, ó gbé bàtà kúrò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ọsibítù ṣí ilé kan sílẹ̀ nínú ọgbà fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò bá fẹ́ máa kó àrùn lọ bá ẹbí wọn. Kò pọn dandan. Àmọ́ ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kò ní wálé mọ́ títí àjàkálẹ̀ àrùn á fi rọlẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ọ̀rọ̀ náà sínú, ó ń rò ó nínú ọkọ̀, ó ń rò ó lórí iṣẹ́. Kò fẹ́ lọ. Ohun tó ń fẹ́ ni kí ọkọ òun ní kí òun má lọ, kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun lè mọ̀ pé wọ́n ṣì fẹ́ òun nínú ilé náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró níbi tó máa ń dúró sí.

“Bàbá,” ó ní, “wọ́n ti fún wa ní yàrá nínú ọgbà ọsibítù. Ṣé ẹ fẹ́ kí n kó lọ síbẹ̀?”

Onígẹdú gbójú sókè. Ó rí ojú méjì tó ń wò ó. Ó ti rí i pé bí òun bá ti ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ, ìjà ló ń dà, lọ́jọ́ yẹn gan-an ló sì ti pinnu pé òun ò ní jà. Ó rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, tàbí ti omi tó ti tán nínú àgbá. Ó mi orí, ó na àtàǹpàkò sókè, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ lé e.

Ẹ ò rí nǹkan. Látìgbà tí wọ́n ti ti ìlú pa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó gbìyànjú láti ṣe jẹ́jẹ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì dúró fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni pé ó ń retí kó fi nǹkan kún un. Lẹ́yìn náà ó yí padà wọ kíṣìnnì. Ọmọ wọn, tó wà nídìí tábìlì, rí gbogbo rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ìwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Onígẹdú jáde láti yàrá, ó bá báàgì ńlá lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ ń wọ bàtà. Ó bi í pé níbo ló ń gbé báàgì lọ. Nọ́ọ̀sì dáhùn. Aṣọ búlúù náà mì díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí Onígẹdú ti ń rò láti ọjọ́ yìí wá dá a lójú: òun ti sú obìnrin yìí, ó fẹ́ kọ òun sílẹ̀, kò tilẹ̀ lè là á mọ́lẹ̀ kí òun gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ru sí i lójú. Gbogbo ohun tó ti ń dì sínú láti ọjọ́ tí wọ́n ti géètì ilé ìlapákó, ẹnu ọ̀nà yẹn ló dà á sí.

“Máa lọ,” ó ní. “Bí àrùn bá mú ọ níbẹ̀, kí wọ́n má ránṣẹ́ pè mí.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lówe, síbẹ̀ ojoojúmọ́ la ń fọ́ ọ. Onígẹdú pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí fèrèsé òdìkejì fi ṣí. Nọ́ọ̀sì parí okùn bàtà rẹ̀ ní dídì, ó gbé báàgì sí èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, Onígẹdú kò ṣe nǹkan mìíràn ju kó máa ro ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ fún ọmọ. Ó ní wọn kì í mọ inú obìnrin. Ó ní òun tí òun kò na ìyá rẹ̀ rí, òun tí òun ń gbé owó sílẹ̀ kí òun tó gbé oúnjẹ sẹ́nu, òun ni wọ́n gbé báàgì jáde fi sílẹ̀. Ọmọ ń gbọ́. Á gbé abọ́ bàbá rẹ̀ síwájú rẹ̀, á padà sídìí ìwé. Onígẹdú wá bínú sí i pé ó ń gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì, bírò rẹ̀ sì já bọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mú bírò, ó gbójú sókè, ó sì sọ ohun tó ti ń gbé mì.

“Dádì, ẹ̀yin lẹ ní kó lọ. Ó bi yín lójú mi bóyá ẹ fẹ́ kóun kó lọ sí ọsibítù. Ẹ mi orí, ẹ na àtàǹpàkò, ẹ tún rẹ́rìn-ín sí i.”

Onígẹdú ní irọ́ ni. Ó ní ẹnikẹ́ni kò bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àbí etí òun ti di ni. Ó fi ìbínú sọ ọ́ bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gba ọ̀rọ̀ náà bí ìbínú. Ó ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń ro ìṣirò kan. Ó wá mú ìwé kan lórí tábìlì, ó gbé e bo ẹnu, ojú rẹ̀ nìkan ló kù lókè.

Onígẹdú dúró dè é. Nígbà tó pẹ́, ó ní kó yé fi òun ṣeré, bó bá ní ohun tó fẹ́ sọ kó sọ ọ́. Ọmọ náà sọ ìwé kalẹ̀. Omi ti dé ojú rẹ̀.

“Mo ti ń sọ ọ́, Dádì. Mo ti ń pè yín látìgbà yẹn.”

Onígẹdú ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kó tún un ṣe. Ọmọ tún un ṣe. Onígẹdú kẹ̀yìn sí i, ó ní kó sọ̀rọ̀, ó dúró síbẹ̀ títí, ohun tó gbọ́ kò ju ti ẹni tó fi orí sínú omi lọ. Nígbà tó yí padà, ó bá a tó ń pariwo, iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ.

Ẹ má rò pé ìbínú rẹ̀ rọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tó yẹ kó bínú sí. Ó bú ayùn. Ó bú ọ̀gá, ó bú ọ́fíìsì onígíláàsì rẹ̀, ó bú ilé etí omi tí ọ̀gá náà àti ẹbí rẹ̀ ti ń gbádùn ìdákẹ́jẹ́. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú lórí tábìlì ọmọ, ó ní ẹ wò ó, ọwọ́ pé, ọwọ́ òpònú pé. Lẹ́yìn náà ló wá rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú méjì tó dúró tó ń retí. Ó ti àtàǹpàkò ọ̀tún bọ ẹnu, ó sì fi eyín gé e bí ọmọdé tí orí kunkun ń bà jẹ́, títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ọmọ rẹ̀ ló gba ọwọ́ náà lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó gbé e sí etí bàbá rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ń kùn bíi kòkòrò nínú ìgò. Ọmọ ní kó jẹ́ kí òun bá a sọ fún un. Onígẹdú ní rárá. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń rán ọmọ, ẹnu tó bà á jẹ́ ló gbọ́dọ̀ lọ tún un ṣe. Ó wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn nìkan ló rí nítòsí, ó sì jáde.

Títì dá páropáro. Ní ìkóríta, ọlọ́pàá kan dá a dúró, ó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ìbòmú dúdú. Àtàǹpàkò Onígẹdú ti ń gbéra nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì mú un mọ́lẹ̀. Ó ní kó má bínú, òun ò gbọ́ ohun tó wí, etí òun ti di, ọ̀dọ̀ ìyàwó òun ni òun ń lọ ní ọsibítù. Kò tíì sọ irú rẹ̀ fún ẹ̀dá alààyè rí, ọlọ́pàá tí kò mọ̀ ọ́n rí ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ọlọ́pàá náà fa ìbòmú sí àgbọ̀n, ó ní kó máa lọ, kó má pẹ́ lóde.

Wọn kò jẹ́ kó wọ ọgbà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ránṣẹ́ sínú, Onígẹdú sì dúró lẹ́yìn wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà náà. Àwọn mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbé aṣọ àti oúnjẹ wá fún àwọn èèyàn wọn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Nọ́ọ̀sì jáde. Aṣọ iṣẹ́ ti tóbi jù fún un. Ó dúró sí ọ̀ọ́kán, kò sún mọ́ wáyà.

Onígẹdú gbìyànjú láti rẹ ohùn sílẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló yíjú sí i.

“Nọ́ọ̀sì, etí mi ti di. Látọjọ́ tí o ti wọ nǹkan yẹn, mi ò gbọ́ ohun kan tí o sọ. O bi mí ní ọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ọ, mo kàn mi orí bí a ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ ni. Mi ò ní kí o lọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé o máa kú.”

Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀yìn rìn, ó lọ jìnnà sí wáyà dé ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láàárín ọgbà, ó sì fa ìbòmú náà sílẹ̀. Ó pẹ́ tí Onígẹdú ti rí odindi ojú náà. Ìbòmú ti dá àpá sí i lórí imú àti ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó sì rí i pé inú ń bí i gidi. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó ń la ẹnu dáadáa. Ó bi í láti ìgbà wo. Onígẹdú ní òun ò mọ̀. Obìnrin náà ní nọ́ọ̀sì lòun, etí ọmọ ọlọ́mọ lòun ń yẹ̀ wò kiri, tọkọ òun wá di lábẹ́ òrùlé kan náà, òun ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní kò burú, ó ti yé òun báyìí.

Ara tu Onígẹdú. Ó rò pé ó ti tán. Ó di wáyà mú, ó ní ṣé ó máa wálé nígbà náà, ṣé kí òun wá gbé báàgì.

Nọ́ọ̀sì wò ó.

“Bàbá,” ó ní, “èyí tí ẹ ò gbọ́, mo ti fi jì yín. Èyí tí ẹ fẹnu ara yín sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?”

Ó gbé ìbòmú padà sójú, ó sì wọlé lọ bá àwọn aláìsàn rẹ̀. Onígẹdú wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lára wáyà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ tí kò gbọ́.